Ilé méjì lórí ilẹ̀ kan ní Kalgoorlie: ká rà á ni àbí ká sá?

Ìyá Ìbejì Perth

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ti ń tu owó jọ láti bí ọdún mẹ́rin, Perth ní Australia níbí la wà, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, òun ń wa bọ́ọ̀sì. A ti gba PR, ìwé ìgbélùú títí láé. A fẹ́ ra ilé kan tí a ó máa fi gba rẹ́ǹtì àmọ́ iye tí wọ́n ń ta ilé ní Perth báyìí ti kọjá ibi tí ọwọ́ wa lè tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lọkọ mi wá rí kinní kan lórí fóònù, ilé méjì lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Kalgoorlie, ìlú tí wọ́n ti ń wa wúrà, ní apá Boulder. Ti iwájú yàrá mẹ́ta, ti ẹ̀yìn yàrá méjì, géètì kan náà ni wọ́n jọ ń gbà wọlé. 560,000 dọ́là ni wọ́n ń pè é. Éjẹ́ńtì ní ti iwájú ń mú 620 wọlé lọ́sẹ̀, ti ẹ̀yìn ń mú 400. Ó ní rẹ́ǹtì méjì, gbèsè kan. Ó ní bí ọ̀kan bá ṣófo, èkejì á máa gbé e.

Ọkọ mi ò sùn mọ́, ó ti ń fi orúkọ pe ilé. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀ rí. Éjẹ́ńtì ní ká fèsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé àwọn méjì kan náà ti ń wò ó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o.

Awakọ̀ Boulder

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma. Ìlú yẹn gan-an ni mo wà, ọ̀kan lára àwọn tírọ́ọ̀kì ńlá tó ń kó òkúta jáde nínú Super Pit, kòtò wúrà ńlá ibí, ni mò ń wà, ọdún kẹjọ mi rèé. Mi ò ní bá éjẹ́ńtì tajà, mi ò sì ní dẹ́rù bà yín. Lọ́wọ́ báyìí ilé wọ́n níbí gan-an, ẹ fi ilé síta lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ wọ́n ti to sẹ́nu ọ̀nà. Wúrà ló fà á. March 2025 ni ounce kan kọjá 3,000 dọ́là Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Northern Star tó ni kòtò yẹn sì ti fọwọ́ sí i láti 2023 pé àwọn máa fi bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là mú ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta gbòòrò, láti mílíọ̀nù 13 tọ́ọ̀nù lọ́dún sí 27. Iṣẹ́ ìkọ́lé yẹn kó èrò wá, èrò náà ló sì gbé rẹ́ǹtì lọ sókè.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì. Níkẹ́lì náà wà níbí o. Kọ́ńpìnnì BHP ní ibi tí wọ́n ti ń yọ́ níkẹ́lì lẹ́yìn ìlú, wọ́n tún níṣẹ́ ní Kambalda, bí 60 kìlómítà sí wa. Níkẹ́lì Indonéṣíà wá kún ọjà, owó ẹ̀ já, October 2024 wọ́n dá gbogbo ẹ̀ dúró, wọ́n ní àwọn máa tún un gbé yẹ̀ wò kó tó di February 2027. Àwọn tí mo mọ̀ lára wọn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa wúrà ni wọ́n yà sí. Tó bá jẹ́ níkẹ́lì nìkan la ní ńkọ́? Iye tí wọ́n ń pe ilé yẹn ò ní jẹ́ 560.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi éjẹ́ńtì nìyí: ta ló ń gbé ilé iwájú, ta ló sì ń san owó ẹ̀? Ṣé ẹni náà fúnra ẹ̀ ni àbí kọ́ńpìnnì ló gbà á fún un? Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ọjọ́ wo ni ìwé wọn máa parí?

Ẹ̀gbọ́n Hedland

Mo fẹ́ẹ́ má sọ̀rọ̀ torí ó ṣì ń dùn mí. Port Hedland, 2012. Èbúté tí òkúta irin ẹkùn Pilbara ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣáínà ni, ìgbà yẹn ilé lásán onípáànù, yàrá mẹ́ta, eruku pupa lára ògiri, ó ń lọ ju mílíọ̀nù kan dọ́là, a sì ń sáré sí i torí rẹ́ǹtì 2,000 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ létí wa, èmi àti ẹnìkan dáwó pọ̀ a ra tiwa, ọdún àkọ́kọ́ owó ń wọlé bí òjò, mo pààrọ̀ mọ́tò, mo ń ránṣẹ́ sílé, mo ń pe ara mi ní lánlọ́ọ̀dù.

Wọ́n wá kọ́ máìnì, ibi ìwakùsà yẹn, tán. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò là yé mi nìyẹn. Àwọn tó ń KỌ́ ọ ló pọ̀ bí eèrà, àwọn tó máa dúró ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán kéré gan-an sí wọn. Àwọn tó kù náà, bàlúù ló ń gbé wọn wá láti Perth, wọ́n á sùn ní káǹpù, wọ́n á ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á padà sọ́dọ̀ ìyàwó wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ilé mi ṣe? Tọ́ọ̀nù òkúta irin kan tó tó bí 190 dọ́là Amẹ́ríkà ní 2011, ìparí 2015 kò pé 40 mọ́. Rẹ́ǹtì mi di 1,100, ó di 700, ó di 350, lẹ́yìn náà ilé ṣófo fún oṣù mẹ́rin gbáko. Báńkì kì í sọ pé ilé ẹ ṣófo, pẹ̀lẹ́. Mo ta ilé yẹn ní 2017 ní 290,000. Ẹ tún un kà. Ohun tó kù nínú gbèsè, owó oṣù ni mo fi san án títí di 2022, ọ̀rẹ́ tá a jọ rà á ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ dòní.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ rò pé Hedland nìkan ni. Ẹ bi àwọn tó rà ní Moranbah ní Queensland, èédú ni tiwọn, ìtàn kan náà.

Mi ò ní Kalgoorlie dà bíi Hedland o. 1893 ni wọ́n ti rí wúrà níbẹ̀, ìlú gidi ni, àwọn èèyàn bí ọmọ síbẹ̀ wọ́n sin òkú síbẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi rẹ́ǹtì ìgbà tó ń dùn ṣírò. Ẹ fi tìgbà tó bá kan ṣírò ẹ̀.

Ọmọ Bukuru

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rán mi létí nǹkan. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Bukuru lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ta aṣọ fún àwọn tó ń wa tíìnì, kuza làwọn Hausa ibẹ̀ ń pè é. Nígbà tí ọjà ń lọ, bàbá kọ́ ilé oníyàrá méjìlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan láàárín, mẹ́fà níhìn-ín mẹ́fà lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ ló kún. October 1985 ni ọjà tíìnì dàrú pátápátá ní London. Mo kéré, mi ò mọ ibi tó ń jẹ́ London. Ohun tí mo mọ̀ ni agolo mílíìkì kan tó wà lórí wíńdò bàbá mi. Bí ayálégbé kan bá ti kó lọ, bàbá á ju kọ́kọ́rọ́ sínú ẹ̀. Ṣaworo. Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú agolo yẹn, mo kà wọ́n.

Éjẹ́ńtì ní bí ọ̀kan bá ṣófo èkejì á gbé e. Yàrá méjìlá la ní, èyí kankan ò gbé èkejì. Ohun kan náà ló ń bọ́ gbogbo wọn.

Ilẹ̀ Ló Dáa

Gbogbo wàhálà yìí, ẹ kówó yìí lọ sí Ìbàdàn, ẹ ra éékà ilẹ̀ ní Mọ́níyà, ẹ dáké.

Ẹ̀gbọ́n Hedland

Ká wá máa san owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó géètì fọ́mọ onílẹ̀ láti Perth? O ṣeun, àbúrò.

Oní-Ìṣirò

Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ ká jókòó ti nọ́ńbà. 620 àti 400 jẹ́ 1,020 lọ́sẹ̀, 53,040 lọ́dún. Ẹ pín in sórí 560,000, ó ń lọ sí 9.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn léjẹ́ńtì fi ń yangàn. Ẹ wá jẹ́ ká yọ nǹkan kúrò lára ẹ̀, àbá ni mo fi dá a o, ẹ pè láti mọ èyí tó jẹ́ tiyín gan-an: owó káńsù 3,500, ìnṣọ́ránsì 3,200, éjẹ́ńtì tí á máa bá yín bójú tó ilé 5,300, owó omi tó kan onílé 1,700, àtúnṣe 4,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tílé á ṣófo 3,060. Gbogbo ẹ̀ 20,760. Ó ku 32,280. Tẹ́ ẹ bá yá 448,000 tí èlé ẹ̀ jẹ́ 6.2, èlé nìkan á gbé 27,776. Ó ku 4,504. Kò pé 90 dọ́là lọ́sẹ̀. Kí éésì kan bàjẹ́ nínú ooru January, ó tán nìyẹn. Tí ilé ẹ̀yìn ò bá sì mówó wọlé fún ọdún kan, 20,800 ti lọ, owó oṣù yín lẹ ó fi máa bọ́ ilé.

Báńkì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ ìlú ìwakùsà, ohun tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú wá lè ju ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé lọ. Wọn ò ní ka gbogbo rẹ́ǹtì yín, bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń kà. Wọ́n á sì wò ó bóyá ẹ lè san án bí èlé bá fi mẹ́ta lé sí i, ìyẹn ni pé ojú 9.2 ni wọ́n á fi wò yín, kì í ṣe 6.2.

Owó orí. Tí ilé yẹn bá ti wà kó tó di September 1987, ẹ gbàgbé 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìkọ́lé tí wọ́n ń jẹ́ ká yọ lọ́dọọdún, fún ogójì ọdún, kúrò nínú owó tí wọ́n ń gba owó orí lé, àfi lórí àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Fíríìjì, sítóòfù, éésì àlòkù tẹ́ ẹ bá bá nínú ẹ̀, láti May 2017 wọn ò jẹ́ kẹ́ni tó ra ilé àlòkù yọ ọ́ mọ́. Owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá fi lọ wo ilé, láti July 2017 ìyẹn náà ti di tàpò yín. Rẹ́ǹtì ní Western Australia, láti July 2024 ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjìlá lẹ lè fi kún un, torí náà ẹ má rò pé bí wúrà bá gun òkè lóṣù yìí ẹ̀yin náà á gùn lóṣù tó ń bọ̀. Ayálégbé lè lọ nígbàkigbà tí ìwé ẹ̀ bá parí, ìyẹn ò dúró de oṣù méjìlá.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù: ìwé ilẹ̀ KAN ni. Ẹ ò lè ta ilé ẹ̀yìn kẹ́ ẹ fi iwájú sílẹ̀. Iye èèyàn tó ń wá irú ẹ̀ rà ò pọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lẹ máa mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà 482

Ẹ jọ̀ọ́ èmi ò tíì ní PR o, físà iṣẹ́ 482 ni mo wà, ṣé èmi náà lè rà á?

Oní-Ìṣirò

Rárá. Láti 1 April 2025 títí di 31 March 2027 wọ́n ti fòfin dè é, ẹni tó bá wà lórí físà ìgbà díẹ̀ ò lè ra ilé tẹ́nìkan ti gbé rí. Fi owó ẹ pamọ́.

Nọ́ọ̀sì Kal

Ẹ kú iṣẹ́ ìyá ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ tàwọn tó ń gbé inú ẹ̀, torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí lánlọ́ọ̀dù. Èmi gbé ilé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá ní Boulder, òru ni mò ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ọkùnrin tó gbé ibẹ̀ kí n tó dé, awakùsà ni, òun náà òru. Fóìlì, èyí tí wọ́n fi ń wé ẹja, lọ́kùnrin náà lẹ̀ mọ́ gbogbo wíńdò yàrá, mo bá a níbẹ̀ mi ò yọ ọ́ nígbà tí mo rí bí oòrùn ibẹ̀ ṣe rí láago mẹ́wàá àárọ̀. Mo fẹ́ sùn, àwọn ọmọ ilé iwájú ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri mi, gbà, gbà, gbà, ajá wọn ń bá wọn gbó o. Ọmọ ò jẹ̀bi, ọgbà náà ni ibi ìṣeré wọn. Ìyá wọn náà ń bínú sí mi pé mo ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò láago méje àárọ̀ jí wọn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó oníṣẹ́ òru àti ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ sínú géètì kan láìní fẹ́ǹsì láàárín, ẹ ó máa wá ayálégbé tuntun lóṣù mẹ́fà mẹ́fà ni.

Ìjà tó tún le jù ni ti mítà. Iná ilé méjì, mítà kan. Lánlọ́ọ̀dù ní ká pín in sí méjì. Èmi nìkan nínú yàrá méjì, àwọn márùn-ún níwájú, éésì mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru. Mo san án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin mo kó ẹrù mi. Ẹ wo mítà kẹ́ ẹ tó wo kíṣìnì.

Awakọ̀ Boulder

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí n fi kún un: ẹ mú ẹni tó mọ̀ nípa ikán dání. Ikán ibí ò fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri ní ibi ìfọṣọ níbi tí omi ti ń kán. Ògiri pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ bá rí nínú ilé àtijọ́, ẹ má lu ú ní ìṣó o, asbestos tí eruku ẹ̀ léwu lè wà nínú ẹ̀, 2003 ni wọ́n tó fòfin dè é pátápátá. Ẹ tún wo ògiri bóyá ó sán. April 2010 ilẹ̀ mì níbí, márùn-ún ni wọ́n wọ̀n ọ́n, Boulder ló kàn jù, àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pọ́ńtí àti ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Bọ́ǹbù tá a fi ń fọ́ òkúta nínú kòtò lójoojúmọ́ kì í ṣe nǹkan, fèrèsé á kàn gbọ̀n díẹ̀.

Paríparì ẹ̀, ẹ lọ sí káńsù. Granny flat, ilé kékeré kejì lórí ilẹ̀ kan náà báyìí, 70 mítà onígun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fàyè gbà, ẹ lè gbà á fún ẹni tó wù yín, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ níwèé. Má ra ọ̀bọ lápò.

Ìyá Ìbejì Perth

Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi ka gbogbo ẹ̀, ó ní ẹ̀ ń bẹ̀rù jù. A ń lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti sọ fún éjẹ́ńtì pé ọjọ́ Ẹtì tiẹ̀ máa ní sùúrù.

Ìyá Ìbejì Perth

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti lọ, a ti bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀, ó ń lọ sí wákàtí méje láti East Perth, Kẹ́hìndé bì sára mi lẹ́ẹ̀mejì. Páìpù omi ńlá kan ń bá wa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkọ mi ní láti 1903 ni wọ́n ti ń fi gbé omi lọ síbẹ̀ láti Mundaring, inú ẹ̀ ń dùn bí ọmọdé, pé ìlú tí wọ́n lè gbé omi lọ bá lọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀ kò lè kú.

Ilé iwájú dáa. Ti àtijọ́ ni, àmọ́ ó dáa, pákó ilẹ̀ ẹ̀ ń dún díẹ̀. Ayálégbé ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Philippines, èèyàn jẹ́jẹ́, ó fún wa lómi tútù. Mo bi í bí Awakọ̀ ṣe ní kí n bi í. Kọ́ńpìnnì ló ń san rẹ́ǹtì, ìwé wọn máa parí lóṣù méjì, ó sì ní wọ́n ti ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí wọ́n wá kọ́ ti ń parí lọ. Éjẹ́ńtì ò dárúkọ èyí rárá.

Ilé ẹ̀yìn wá ni. Bí mo ṣe wọlé, ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn da díẹ̀ síwájú, bíi ti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Mo gbójú sókè, mo rí irin gbọọrọ méjì lápá ọ̀tún àti òsì òrùlé, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Mo bi éjẹ́ńtì pé kí ni kinní yìí. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ni. Ọkọ mi tó ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ ló dáhùn, ó ní brother, ibi tí ilẹ̀kùn gáréèjì ń yí gbà nìyẹn.

A ní kẹ́ni tó ń tà á fọwọ́ sí i kí káńsù lè fún wa ní pílánù. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń sọ fún wa pé òun wà lókè òkun. Nígbà tí pílánù jáde, wọ́n kọ ilé iwájú sí 1a, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí 10a. Mo pe Oní-Ìṣirò láago mẹ́wàá alẹ́, ẹ má bínú sà. Ó ní 1a ni ilé téèyàn ń gbé. 10a ni gáréèjì. Tí iná bá jó o, tí ìnṣọ́ránsì bá bèèrè kí lẹnìkan ń ṣe tó fi ń sùn níbẹ̀, kí la fẹ́ sọ? Mítà iná kan náà ni, wọ́n fi mítà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí kò ṣiṣẹ́. Ikán wà níbi ìfọṣọ, Awakọ̀, ibi tẹ́ ẹ sọ gẹ́lẹ́.

A sọ fún éjẹ́ńtì pé ilé kan la rí, iye ilé kan la máa san, 455,000, tí báńkì bá gbà. Ó ní ṣé a fẹ́ fi ẹni tó ń tà á ṣeré ni. Ọkọ mi ò bá mi jẹun lálẹ́ àná.

Ẹ̀gbọ́n Hedland

Á jẹun. Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un.

Awakọ̀ Boulder

Ma, mo gba iwájú ilé yẹn kọjá láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń darí bọ̀ láti ibiṣẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ pátákó. "Ilé méjì, rẹ́ǹtì méjì" ò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n kọ báyìí ni ilé oníyàrá mẹ́ta, pẹ̀lú gáréèjì ńlá lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì Perth

Ẹ̀n? Èló ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Awakọ̀ Boulder

Wọn ò kọ iye. Wọ́n ní kéèyàn pè.

Ìyá Ìbejì Perth

Ọkọ mi ti ń pè wọ́n.